Píìnì Tí Kò Kán

Ọkọ àbúrò mi ò lè gbà kí nǹkan bàjẹ́. Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti kékeré. Tí abọ́ bá fọ́ nílé, á ṣa àfọ́kù rẹ̀ jọ, á fi oje igi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, á wá máa gbé e kiri àdúgbò kí àwọn èèyàn lè wò ó. Abọ́ náà ò ṣe é jẹun mọ́. Ọbẹ̀ ń jò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dúró, àbí kò dúró? Ohun tí òun ń wá nìyẹn.

Nígbà tó dàgbà, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan. Alágbẹ̀dẹ yẹn kì í sọ̀rọ̀. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi irin síná, bí wọ́n ṣe ń lù ú, bí wọ́n ṣe ń fi ayùn rẹ́ ẹ. Ó kú kó tó ráyè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́.

Ó mọṣẹ́. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Tí o bá gbé bóòtì tó ti dípẹtà lọ fún un, á ṣe òmíràn tó máa wọlé wẹ́kú. Nọ́ọ̀tì, wáṣà, ìkọ́, ìdè, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ò níṣòro. Ẹnu ni. Tó bá ṣe wáṣà tán, irin pẹlẹbẹ tó ní ihò láàárín, á dìde, á nà án sí oòrùn, á di ojú kan, á fi ìkejì wo inú ihò náà. Á ní, "Ẹ wá wò ó." Àwọn èèyàn á sì lọ wò ó. Kí ni wọ́n rí? Ihò.

Ọgbà kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta pákó. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn oníṣẹ́ irin yòókù ń lò. Fọ́gánáísà wà lẹ́nu géètì, mẹkáníìkì wà lábẹ́ igi, wẹ́dà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ àbúrò mi gan-an, ògiri pákó ló là wọ́n. Ilẹ̀ ọgbà náà dúdú fún ọ́ìlì. Èmi ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lórí táyà kan tó ti gbó níwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́gánáísà ni mo máa ń jókòó, mo ń wò wọ́n.

Wẹ́dà ló sọ ọkọ àbúrò mi ní Kòkánmọ́. Ó fi ń bú u ni. Òun gbọ́ ọ bí oríkì. Kò pẹ́, ó pe ayàwòrán kan, ó ní kó kọ ọ́ sára páànù ńlá: KÒKÁNMỌ́, ÀGBÀ NÍDÌÍ IRIN. AYÉ LÈ KÁN, TÈMI Ò NÍ KÁN. Páànù náà tóbi ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Tí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ páànù la máa ń sá sí, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n ní àṣà kan nínú ọgbà yẹn. Tí nǹkan tóo ṣe bá kán, tí wọ́n gbé e padà wá, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ á fi wáyà so ó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ. O ò gbọ́dọ̀ já a. Ibẹ̀ ló máa wà. Gbogbo oníbàárà tó bá ń bọ̀ á rí i, tó bá sì béèrè, o gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe kán. Ẹnu ọ̀nà wẹ́dà ní ìdè géètì kan tó ti wà níbẹ̀ kí irun rẹ̀ tó funfun. Wáyà ti Kòkánmọ́ nìkan ló wà lófìfo. Àràárọ̀ ló ń nu wáyà náà. Wáyà! Ó ń fi àkísà nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Katakata bàbá wa ló ba ayé jẹ́ fún un.

Katakata kékeré ni. Tóo bá dúró tì í, orí rẹ̀ ò kọjá àyà rẹ. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó tán, ìjókòó rẹ̀ ti ya, àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ ò ṣe é mọ́. Bàbá wa fi sílẹ̀ fún àbúrò mi nítorí òun ló máa ń jókòó tì í nígbà tó bá ń tún un ṣe. Èmi ò bínú. Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n báyẹn, ìdí ló máa fi ń san án. Àbúrò mi fi ń tú ilẹ̀ fún àwọn olóko kéékèèké. Òun ló ń wà á fúnra rẹ̀, ó máa ń wé gèlè mọ́rí kí eruku má bàa wọ̀ ọ́ nírun. Oúnjẹ ilé wọn, láti ara katakata yẹn ló ti ń wá. Wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ ló ń bọ́ wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé kò síbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́, ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe é. Ó ṣe búùṣì, òrùka irin fún ẹsẹ̀ iwájú, ó dáa. Ó ṣe ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé ọ̀bẹ ẹ̀yìn sókè, ó dáa. Ó wá ku píìnì.

Ẹ jẹ́ n sọ bí píìnì náà ṣe jẹ́. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́yìn katakata tó ní ọ̀bẹ púpọ̀. Ọ̀bẹ wọ̀nyẹn ló ń yí, àwọn ló ń tú ilẹ̀. Ọ̀pá irin kan ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wá sẹ́yìn, ó ń gbé e fún àpótí jíà, àpótí jíà ló ń yí ọ̀bẹ. Píìnì kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló so ọ̀pá yẹn mọ́ àpótí jíà. Irin rírọ̀ ni. Tí ọ̀bẹ bá gbá òkúta, píìnì á kán, ọ̀bẹ á dúró, nǹkan mìíràn ò ní bàjẹ́. Wàá yọ èyí tó kán, wàá ki òmíràn bọ̀ ọ́, wàá máa bá iṣẹ́ lọ. Bàbá wa ṣàlàyé ẹ̀ fún àbúrò mi, ó ní píìnì yẹn ló ń kú kí àwọn yòókù má bàa kú.

Ilẹ̀ àdúgbò wa kún fún òkúta. Píìnì ń kán. Bí ọ̀kan bá ti kán, àbúrò mi á mú un wá sí ọgbà kí ọkọ rẹ̀ fi wọn òmíràn. Wẹ́dà á ti dúró dè é pẹ̀lú wáyà.

"Kòkánmọ́! Ó tún ti kán o!"

Á so ó kọ́. Kò pẹ́ tí ẹnu ọ̀nà Kòkánmọ́ fi dà bí ọrùn onílẹ̀kẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, gbogbo rẹ̀ á máa ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Oníbàárà á kọ́kọ́ gbójú sókè wo páànù, á ka AYÉ LÈ KÁN, á wá gbójú wálẹ̀ wo wáyà. Àwọn míì máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kó lè jẹun. Mo wà nílé wọn lọ́jọ́ kan tó kọjú sí ìyàwó rẹ̀, abọ́ ń bẹ níwájú rẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn án.

"Ìyá wọn, ṣé o ò lè máa wa ẹ̀rọ yẹn jẹ́jẹ́ ni?"

"Bàbá wọn, òkúta ló wà nílẹ̀."

"Kí ló dé tó ò rí i?"

"Abẹ́ ilẹ̀ ló wà. Ẹ̀yin náà ẹ wá wakọ̀, kí ẹ máa fojú wo abẹ́ ilẹ̀."

"Àwọn èèyàn ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Píìnì yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó kán. Bàbá mi sọ bẹ́ẹ̀."

Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ojú ọ̀run jẹ́ páànù. "Ta ló ń ṣe nǹkan kó lè kán?" Ó kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o. Ṣé ẹ ti rí irú ẹ̀ rí?"

Mo ní kó jẹun.

Nígbà tí òjò ọdún kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, alága àwọn olóko ẹ̀fọ́ etídò ránṣẹ́ pe àbúrò mi. Ọdọọdún ló ń tú ilẹ̀ fún wọn. Alága yẹn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọkùnrin kan ti dé tó ní katakata tuntun, katakata ńlá, àwọn sì ń rò ó láti fún un ní gbogbo oko. Ṣùgbọ́n torí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí àbúrò mi tú ilẹ̀ etí omi ná. Tó bá tú u tán kí òjò tó dé, òun ló ń bá wọn ṣe é lọ. Tí kò bá tú u tán, ó di ti ọkùnrin ẹlẹ́rọ tuntun, kó má sì padà wá mọ́.

Àbúrò mi wá sí ọgbà lọ́jọ́ kejì. Kò jókòó.

"Bàbá wọn, ẹ ṣe píìnì fún mi. Kó kún ọwọ́. Irin rírọ̀. Ilẹ̀ etí omi yẹn, gbòǹgbò àti òkúta ló wà níbẹ̀."

"Má ṣèyọnu."

"Mo ní kó kún ọwọ́ o."

"Mo ní má ṣèyọnu."

Nígbà tó lọ tán, ọkùnrin yìí lọ síbi òkìtì irin mẹkáníìkì. Ó fa irin kan jáde, irú èyí tó máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń jẹ́ kó rọ́jú gbé ẹrù. Irin líle ni. Ó gé e, ó fi síná títí ó fi pọ́n bí ẹ̀yinná, ó lù ú, ó yí i lórí ẹ̀rọ, ó tún fi síná, ó wá jù ú sínú ọ́ìlì. Ó pariwo ṣàà, èéfín gba gbogbo ọgbà. Ó pe gbogbo wa. Ó mú ayùn, ó fi fà á lára. Ayùn ń yọ̀ lọ, kò jẹ ẹ́.

"Ẹ rí i?" ló wí. "Ayùn ò rí i bá ṣe."

Wẹ́dà gbé e lé orí irin, ó fi òòlù lù ú. Ojú òòlù ló tẹ̀. Wẹ́dà wo òòlù rẹ̀, inú bí i.

"Èyí ò ní kán," ló wí.

"Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́!" Kòkánmọ́ ké.

Mẹkáníìkì nìkan ni kò sún mọ́ wọn. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ igi. "Kòkánmọ́," ló ní, "tí èyí ò bá kán, kí ló máa kán?"

"Kò sóhun tó máa kán."

"Ó dáa."

Ohun tó kàn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Àwọn píìnì rírọ̀ díẹ̀ ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ katakata, èyí tí àbúrò mi fi pamọ́ nítorí ọjọ́ burúkú. Ọkùnrin yìí lọ kó wọn, ó rọ wọ́n pọ̀ nínú iná, ó fi wọ́n ṣe ìkọ́ tí wọ́n ń fi kọ́ garawa. Ó ní kò ní í sí ìtìjú mọ́. Àbúrò mi ò mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, létí omi, tó ṣí àpótí láti kà wọ́n, ló tó rí i pé òfìfo ni.

"Àwọn píìnì mi dà?"

Ọkọ rẹ̀ na píìnì kan ṣoṣo sí i. Ó ti fi ọ́ìlì nù ún, ó ń dán. Ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ kí èèyàn. Ìwòran ló wá.

"Mo ní kó kún ọwọ́."

"Èyí ju ìkúnwọ́ lọ."

"Àwọn tó rọ̀ ńkọ́?"

"O ò nílò wọn mọ́, Ìyá wọn. Wà á lọ."

Alága àti àwọn olóko ti jókòó lórí ebè, wọ́n ń wò wọ́n. Òjò ti ń ṣú lókèèrè. Kí ni kó ṣe? Ó fi píìnì náà sí i.

Ó tú ilẹ̀ náà lọ. Ọ̀bẹ ń gbá òkúta, gbogbo katakata ń mì jìgìjìgì, ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n kò dúró. Kòkánmọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága, ó ń fọwọ́ júwe.

"Ẹ gbọ́ ìyẹn, Alága? Òkúta ńlá nìyẹn. Tí iṣẹ́ ẹlòmíràn ni, á ti kán. Ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Mo gbọ́ ariwo," alága wí.

"Ariwo òkúta ni."

Mo wo ojú àbúrò mi bó ṣe ń yí katakata padà ní ìparí ebè. Ó ti di ẹnu, ó ń wẹ̀yìn lemọ́lemọ́. Ó ń gbọ́ ohun tí a kò gbọ́.

Gbòǹgbò igi kan wà nítòsí omi, igi tí wọ́n ti gé tipẹ́. Ọ̀bẹ wọ̀ ọ́. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn. Katakata gbé ìdí sókè, ó balẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú. Ọ́ìlì dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀. Ó tú ìdérí àpótí jíà, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Eyín jíà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó jáde, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń tò wọ́n sórí ewé. Àpótí náà fúnra rẹ̀ ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọkọ rẹ̀ sáré dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ọ̀pá irin, ó ti píìnì rẹ̀ jáde, ó fi aṣọ tó wọ̀ nù ún. Ẹ má ṣe rò pé mò ń fi kún un. Ó dìde, ó nà án sí oòrùn, ó di ojú kan.

"Nǹkan kan ò ṣe é!" ló ké. "Ẹ wò ó! Kò tilẹ̀ tẹ̀!"

Olóko kan rọra wú ikọ́. Àbúrò mi nu ọwọ́ rẹ̀ lára koríko, ó wò ó.

"Ó dáa, Bàbá wọn," ló wí. "Ẹ gùn ún lọ sílé."

Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn bú èèyàn. Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ọkùnrin náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo jíà tó wà lórí ewé, ó wo píìnì, ó tún wo jíà. Ó pẹ́ díẹ̀. Mo ti rí ewúrẹ́ tó tètè lóye ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alága dìde, ó gbọn ìdí rẹ̀. Ó ní àwọn bá a kẹ́dùn, ó ní ayé ni, ó sọ ọ́ gùn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹlẹ́rọ tuntun ń bọ̀ lọ́tùnla.

Kò sẹ́ni tó lè ṣe jíà yẹn ní àdúgbò wa. Kòkánmọ́ ní òun lè ṣe é. Mẹkáníìkì ní kó dákẹ́. Ẹnì kan ló lè ní irú rẹ̀, Bàbá Alálòkù, arúgbó tó ń ra irin àlòkù lójú ọ̀nà odò. Katakata bíi tiwa kan wà nínú koríko rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ pé. Àwa mẹ́ta la lọ: àbúrò mi, ọkọ rẹ̀, àti èmi, torí pé èmi àti arúgbó náà ti mọra.

A bá a lórí àga onígi rẹ̀, ó ń ya okùn bàbà kúrò lára rọ́bà. Àbúrò mi kúnlẹ̀ kí i. Ó ṣàlàyé ohun tó wá.

"Àpótí jíà wà," arúgbó náà wí. "Kí ló pa ti tẹ́lẹ̀?"

Kòkánmọ́ ló gbà á lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. "Gbòǹgbò ni, Bàbá. Gbòǹgbò ńlá."

"Hẹn." Ó ń ya okùn bàbà lọ. "Gbòǹgbò máa ń kán píìnì ni. Kì í kán jíà."

"Ọ́ìlì inú ẹ̀ náà ti gbó, Bàbá. Ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ mọ̀ ọ́n. Irin ayé ìsinsìnyí náà ò wá dáa mọ́, àti pé tí èèyàn bá wo bí ilẹ̀ ṣe..."

"Mo ní kí ló pa á."

"Gbogbo ẹ̀ náà ló pa pọ̀, Bàbá."

Arúgbó náà gbójú sókè wò mí. "Ta ni eléyìí?"

"Àna wa ni," ni mo wí.

"Ó mà ṣe fún yín o." Ó padà sí okùn bàbà rẹ̀. "Mi ò gbé nǹkan tó ṣì dáa fún ẹni tí kò mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Á tún pa èyí. Ẹ máa lọ."

A dúró síbẹ̀. Adìyẹ kan kọjá. Àbúrò mi ò wo ọkọ rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò, orúnkún rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ó lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Kò sọ ọ́. Ẹnu èmi náà ń yún mi, ṣùgbọ́n mo pa á mọ́.

Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì. Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé wẹ́dà wà nítòsí.

"Èmi ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Sọ ọ́ sókè, etí mi ò gbọ́."

"Èmi ni mo pa á. Mo fi irin líle ṣe píìnì. Wọ́n sọ fún mi pé kó rọ̀. Mo kó àwọn tó rọ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo sun wọ́n níná."

Arúgbó náà fi okùn bàbà sílẹ̀. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Kí ló dé?"

"Wọ́n ń so wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀nà mi."

"Wọ́n ń so kí ni?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wáyà fún un. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Àbúrò mi dìde láti gbá a lẹ́yìn. Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó ní ká lọ tú u.

"Kí lẹ máa gbà, Bàbá?" àbúrò mi bi í.

"Òjò ń bọ̀. Òrùlé ilé ewúrẹ́ mi ti lu. Mo ń wá páànù ńlá kan tó nípọn." Ó yíjú sí Kòkánmọ́. "Wọ́n ní o ní ọ̀kan."

Ẹ wo ojú àna mi. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti wọ inú koríko lọ síbi katakata, ó ti ń tú bóòtì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló já páànù náà wálẹ̀. Wẹ́dà bá a gbé e. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn bi í bóyá kí wọ́n kọjú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ó ní sísàlẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ ló ń kà á báyìí. Kò tíì kán.

Kòkánmọ́ àti mẹkáníìkì gbé àpótí jíà náà sí katakata. Lẹ́yìn náà àbúrò mi gbé àpótí kan wá sí iwájú tábìlì ọkọ rẹ̀, ó jókòó lé e, òòlù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ó yá," ló wí.

Ọkọ rẹ̀ tọrọ irin rírọ̀ lọ́wọ́ wẹ́dà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe wíńdò. Ó gé e, ó yí i, ó gbé e fún un. Àbúrò mi fi ẹnu báìsì di ìdí rẹ̀ mú, ó lù ú. Tó bá tẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì kí ọkọ rẹ̀ lè fi ṣe àpẹẹrẹ, ó ní kó ṣe òmíràn bíi rẹ̀ sínú àpótí irinṣẹ́ òun. Tí kò bá yá tẹ̀, ó sọ ọ́ nù. Èyí tó kọ́kọ́ sọ nù pọ̀ díẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin náà ò gbà fún un láti ṣe é kó rọ̀. Tóo bá ní kó bú ìyá rẹ̀, á yá a lára ju èyí lọ.

"Ẹ fi ayùn fa ìlà yí i ká láàárín," àbúrò mi wí, "kó lè mọ ibi tó máa kán sí."

Ó fà á. Ó fà á tán, ó wò ó, ó dìde, ó ti ń nà án sí oòrùn.

"Bàbá wọn."

Ó jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, kí ẹlẹ́rọ tuntun tó dé, àbúrò mi ti wà létí omi. Alága náà ti wà níbẹ̀, ó fẹ́ wo bó ṣe máa rí. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí a gbọ́ ká! Ọ̀bẹ dúró. Alága fọwọ́ lérí.

"Ó tún ti bàjẹ́!"

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni, Alága," àbúrò mi wí. Ó sọ̀, ó fi òòlù ti èyí tó kán jáde, ó ki òmíràn bọ̀ ọ́, ó gorí ẹ̀rọ padà. Alága ò tíì rí ohun tó máa sọ tán tí ọ̀bẹ fi tún ń yí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ. Ká! Á sọ̀. Á gùn ún. Ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, ó ń ṣa àwọn tó kán sínú agolo. Gbogbo ìgbà tó bá dún ni ojú rẹ̀ máa ń fún pọ̀ bí ẹni tí eyín ń ro. Ó tún dé ibi gbòǹgbò yẹn. Ká! Ìyẹn náà kọjá. Ìgbà tó tú ebè ìkẹyìn ni òjò àkọ́kọ́ kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ó ń ru èéfín. Alága wí àwíjàre. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àbúrò mi ló ń bá wọn ṣe é lọ.

Nígbà tí òjò dá, àbúrò mi wá sí ọgbà pẹ̀lú agolo. Wẹ́dà ti dúró pẹ̀lú wáyà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àbúrò mi da gbogbo èyí tó kán sí i lọ́wọ́.

"Ẹ so gbogbo ẹ̀, Bùọ̀dá Wẹ́dà. Ẹ má yọ ọ̀kan sílẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó mú píìnì líle yẹn jáde látinú àpò rẹ̀. Ó gorí àpótí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ so ó kọ́ sáàárín wọn. Ọkọ rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ó ń wò ó.

Ibẹ̀ ló wà dòní. Àwọn oníbàárà máa ń bi í léèrè ìdí tí ọ̀kan fi wà láìkán láàárín gbogbo èyí tó kán. Ó gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn, òfin ọgbà ni. Ó ti ń fi nǹkan kún ìtàn náà. Nínú ti ìsinsìnyí, gbòǹgbò yẹn ti tóbi tó ilé, ọ́ìlì sì ti gbó. Ṣùgbọ́n ó ń parí ẹ̀ síbi tó yẹ, torí àbúrò mi máa ń wá gba píìnì níbẹ̀, ó sì lè wọlé nígbàkígbà.

Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, gbogbo wọn á máa ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Orí táyà mi ni mo wà, mo máa ń dá èyí tó le mọ̀ nínú wọn. Ohùn tiẹ̀ yàtọ̀. Ó ń dún bí ẹni tó ṣì ń jiyàn.